Gáùn Prọ́ọ̀mù Kan Nílùú Ìlọrin: Bí ₦185,000 Ṣe Di ₦69,100

Ọmọbìnrin kan tó ń parí SS3 nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní agbègbè Tanke ló fẹ́ aṣọ. Àpèjẹ alẹ́ ìdágbére, prọ́ọ̀mù lẹ́nu àwọn ọmọ, máa bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, NECO sì ti ń lọ sópin. Ilé ìwé ti kọ àwọ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé: àwọ̀ ewé tó ki dáadáa, pẹ̀lú góòlù. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìwé yẹn fi wà lórí tábìlì, torí ìdánwò ni gbogbo ilé gbájú mọ́. Ìgbà tí ìyá máa fi mú fọ́tò tí ọmọ rí lórí Instagram lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan ní Fate, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù. ₦185,000 ni wọ́n pè é fún un. Ata àti èlò ọbẹ̀ ni ìyá yìí ń tà ní Gàá-Àkàǹbí. ₦60,000 ló ti yà sọ́tọ̀ fún aṣọ, láìka bàtà àti owó ìwọlé.

Gáùn inú fọ́tò yẹn, kọ́sẹ́ẹ̀tì ni. Kò lápá. Nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ara ló bo èjìká dé ọrùn, aṣọ lẹ̀ mọ́ ara típẹ́típẹ́ títí dé orúnkún kó tó ya bí ìrù ẹja, ó sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn. Bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe to owó rẹ̀ rèé:

Léèsì oníṣẹ́ dídán, yáàdì 5: ₦60,000
Sátíìnì abẹ́ rẹ̀, yáàdì 3: ₦10,500
Nẹ́ẹ̀tì líle, yáàdì 6: ₦7,200
Láínì, yáàdì 3: ₦4,500
Nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ara, yáàdì 1: ₦4,000
Bóònù (egungun aṣọ), kọ́ọ̀pù àyà, gumstay (aṣọ líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú aṣọ), ojú ihò àti okùn ẹ̀yìn, òwú: ₦11,800
Sítóònù, gírósì 10: ₦12,000
Owó iṣẹ́: ₦55,000
Owó ìkánjú: ₦20,000

Ìyá kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú kọ́sẹ́ẹ̀tì á mọ̀ pé ₦55,000 kì í ṣe owó ojúkòkòrò.

Aṣọ tó bá léjìká, èjìká ló ń gbé e. Aṣọ tí kò bá léjìká, ìhà àti ìbàdí ló máa gbé e, wọn ò sì lè gbé e láìsí egungun nínú rẹ̀. Fún ọmọ tí àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 34, òkè-ara aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń tó písì 10, bóònù 16 ló sì máa wọ inú rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gùn tó ínṣì 11, 176 ínṣì nìyẹn, ó fẹ́ẹ̀ tó yáàdì 5. Bóònù kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀ tí wọ́n máa rán ní ìlà méjì. Orí bóònù oníke gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná yọ́ kó rí roboto, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gún aṣọ jáde, á sì máa gún ọmọ lábẹ́ abíyá láàrin ijó. Kí wọ́n tó fi sísọ́ọ̀sì kan léèsì, wọ́n á ti kọ́kọ́ rán àdánwò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún un, wọ́n á tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni kọ́ọ̀pù, gumstay, ihò okùn ẹ̀yìn tó tó ogún. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ máa lo odidi ọjọ́ méjì lórí òkè-ara nìkan, láìtíì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Inú jẹnẹrétọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wákàtí yẹn ń lọ.

Owó epo jẹnẹrétọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré látìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 lọ́dọ̀ ìjọba ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di 2024. Léèsì wa, bẹ́ẹ̀ láti Ọ́sítíríà ni, bẹ́ẹ̀ láti Ṣáínà ni, òkè òkun ló ti ń bọ̀. Bóònù, sípù àti sítóònù náà ń bá a bọ̀ látibẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó pe léèsì ní ₦60,000 kò dá owó yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Owó ìkánjú ₦20,000 nìkan ni ilé lè bi ara wọn léèrè rẹ̀. Àsìkò tí ìwé fi wà lórí tábìlì ni wọ́n fẹ́ fi owó yẹn rà padà: iṣẹ́ oníbàárà mìíràn tí télọ̀ máa gbé tì, àti ọmọ iṣẹ́ tó máa ṣàìsùn.

Kí wọ́n tó tún lọ bá télọ̀ mìíràn, ìyá àti àbúrò rẹ̀ kan yẹ ọ̀nà mẹ́ta wò. Ẹni tó ń fi gáùn yá èèyàn gba ₦40,000, ó sì ní kí wọ́n fi ₦20,000 dúró tí wọ́n á dá padà bí aṣọ ò bá lábàwọ́n. Kò sí èyí tó lápá nínú gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá ọmọ sì ti sọ látilé pé apá ọmọ òun ò gbọdọ̀ wà níta. Wọ́n wo òkìríkà: gáùn ọ̀rẹ́ ìyàwó pọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ ò sì wọ́n, àmọ́ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bára mu fẹ̀ ju ọmọ lọ ní ínṣì 7. Aṣọ tó ní písì lára ṣeé fún pọ̀ ní bíi ínṣì 2 sí 3 lápapọ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú àyà á ti ẹ̀gbẹ́, sípù á wọ́, ó sàn kí èèyàn tú gbogbo rẹ̀ gé. Ọ̀nà kẹta ni ríra èyí tí wọ́n ti rán tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́sàn-án ò sì gba ìyẹn láyè. Ẹnì kan tiẹ̀ dá aṣọ òkè lábàá, nítorí ibí gan-an ni wọ́n ti ń hun ún. Ó máa rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa hun àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan kò sí, aṣọ òkè sì ń mú ooru fún ẹni tó fẹ́ jó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé fọ́tò náà lọ bá télọ̀ kan ládùúgbò wọn ní Gàá-Àkàǹbí.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa wò ó. Kí la lè yọ níbẹ̀ tí wọn ò fi ní fọmọ ṣe yẹ̀yẹ́?"

Télọ̀ ò dá ìyá lóhùn, ọmọ ló kọjú sí. "Ìwọ, kí lo fẹ́ràn jù nínú fọ́tò yìí?"

"Bí iwájú rẹ̀ ṣe rí yìí, mà, tó sọ̀ kalẹ̀ síbi ikùn. Àti bó ṣe ń dán lọ́rùn."

Kò dárúkọ ìrù ẹja. Kò dárúkọ okùn ẹ̀yìn. Ohun méjì tó ń jẹ owó nínú gáùn yẹn, ọmọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ kò tiẹ̀ rántí wọn. Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo télọ̀ máa bi ọmọ kó tó mú kálámù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kì í béèrè, torí fọ́tò náà ni wọ́n fẹ́ rán kí wọ́n lè gbé e sórí WhatsApp tiwọn.

Ọ̀rọ̀ bàbá nípa apá ló wá já sí owó lápò. Bí aṣọ bá ti lápá, ó ti léjìká nìyẹn; èjìká ló máa gbé e, bóònù 16 ò wúlò mọ́. Mẹ́fà ló kù: méjì níwájú láti jẹ́ kí ibi tó sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn má ká, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lẹ́yìn lẹ́bàá sípù. Yáàdì 2 tó o. Nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ara kúrò. Okùn ẹ̀yìn kúrò, sípù rọ́pò rẹ̀. Léèsì tó yẹ kó bo gbogbo ara wá di yáàdì kan àbọ̀ péré, fún apá méjèèjì àti iwájú òkè-ara, ara kírépù, aṣọ rírọ̀ tí kì í dán, ni ìyókù. Wọ́n fi síkẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí wẹ́wẹ́ rọ́pò ìrù ẹja.

Síkẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí yìí ni àwọn oníbàárà kì í mọ ìṣirò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni yáàdì ti ń ṣòfò. Ìwọ̀n ọmọ náà: àyà 34, ìbàdí 28, ìdí 39, èjìká dé ìbàdí 16, ìbàdí dé ilẹ̀ 42 pẹ̀lú bàtà tó ga ní ínṣì 3. Ó ti wọ bàtà yẹn sẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá wọ̀n láìwọ bàtà, aṣọ rẹ̀ á fò sókè lálẹ́ ọjọ́ náà. Fi ínṣì 1 kún ìbàdí kó lè mí, ó di 29. Fi ínṣì 2 fún ìṣẹ́tí àti ìlàjì ínṣì fún ibi tí wọ́n ti máa so ó mọ́ òkè-ara kún gígùn, ó di 44.5.

Bó bá jẹ́ full flare, ìyẹn tó ya yíká pátápátá, 29 pín sí 6.28 jẹ́ 4.6, ìyẹn ìwọ̀n láti àárín òbírí dé etí ìbàdí. Fi 44.5 kún un, 49.1. Ìlàjì òbírí méjì ni wọ́n máa gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì 98, àpapọ̀ 196: yáàdì 5 àbọ̀. Bó bá jẹ́ half flare, 29 pín sí 3.14 jẹ́ 9.2, fi 44.5 kún un, 53.7. Ìlàjì òbírí kan ṣoṣo ni, ó gùn ní 107.4. Yáàdì 3 jẹ́ ínṣì 108. Ó gbà á, kò sì ṣẹ́kù. Yáàdì 2 àbọ̀ ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Nínú kírépù tó jẹ́ ₦4,000 fún yáàdì kan, ₦10,000 nìyẹn. Lójú ẹni tó ń wo ọmọ níbi ijó, half flare ṣí tó. Full flare wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ fò yípo.

Pẹ̀lú yáàdì kan fún òkè-ara, yáàdì 4 ni télọ̀ sọ fún ìyá. Ohun tí kò sọ ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò sọ fífẹ̀ aṣọ.

Ìyá lọ sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó rí sátíìnì tí àwọ̀ rẹ̀ bára mu régé, ₦3,500 yáàdì kan, èyí tó dín sí ti kírépù. Ó ra yáàdì 4, ₦14,000. Nígbà tí télọ̀ tú u lé tábìlì, ínṣì 45 ló fẹ̀. Ìlàjì òbírí tó nílò 53.7 ò lè wọ inú 45 láéláé. Bí wọ́n bá gé e sí písì mẹ́fà tí wọ́n ń dorí ọ̀kan kodò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, yáàdì 4 náà ni síkẹ́ẹ̀tì nìkan máa jẹ tán, òkè-ara ò ní rí nǹkan kan. Èyí tó burú jù ni pé sátíìnì ní ìhà tí dídán rẹ̀ kọ sí. Písì tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò á dán yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí iná gbọ̀ngàn bá sì tàn sí i, ẹni tó bá rí i á rò pé aṣọ méjì ni wọ́n so pọ̀. Láti gé gbogbo rẹ̀ kọ sí ìhà kan náà, síkẹ́ẹ̀tì nìkan á gbà tó yáàdì 5.

Ó yẹ kí wọ́n kàn ra yáàdì 2 kún un. Owó rẹ̀ á sì kéré sí ríra aṣọ mìíràn. Ìyá padà lọ lọ́jọ́ Ajé, aṣọ ti tán. Èyí tí oníṣọ́ọ̀bù tún gbé jáde jọ ọ́ lábẹ́ iná, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì síta sójú oòrùn, ọ̀kan tutù, èkejì pọ́n lọ sí ofeefee díẹ̀. Kò sì gba èyí tó ti gé padà. Kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó máa gbà á.

Bí sátíìnì ṣe di láínì nìyẹn. Nínú aṣọ, kò sẹ́ni tó máa rí ìhà tí dídán kọ sí. Síkẹ́ẹ̀tì láínì ò nílò kó ṣí púpọ̀: písì mẹ́rin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 19, méjì wọ inú 45 lẹ́ẹ̀kan, yáàdì 2 àbọ̀ tó o. Èyí tó kù di láínì òkè-ara. Wọ́n wá ra kírépù tó fẹ̀ ní ínṣì 58, yáàdì 4, ₦16,000. Láínì gidi yáàdì 3 àbọ̀ tí wọn ò rà mọ́ ì bá jẹ́ ₦5,250, nítorí náà ₦8,750 ni àìsọ fífẹ̀ aṣọ ná wọn. Sátíìnì tún wúwo ju láínì lọ, ó sì máa ń mú ooru díẹ̀. Ọmọ gbà bẹ́ẹ̀.

Rírán rẹ̀ ò ṣòro, àmọ́ ibi mẹ́ta wà tí wọ́n ti fẹ́ bà á jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ fi abẹ́rẹ́ 14 tó wà lórí máṣìnnì bẹ̀rẹ̀ sátíìnì, aṣọ sì ń fà wọ́nkuwọ̀nku lójú rírán. Abẹ́rẹ́ 11 tuntun, pẹ̀lú òwú tí wọ́n dẹ̀ díẹ̀, ló tán an. Lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ ṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n so ó pọ̀ tán. Télọ̀ ní rárá, ó gbé e kọ́ mọ́jú. Kírépù tí wọ́n gé ní òbírí, ìdábùú aṣọ (bias, ibi tí òwú aṣọ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́) ló bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìdábùú sì máa ń fà sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹ̀gbẹ́ ti gùn ju iwájú lọ ní ínṣì kan àti díẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún ọmọ pẹ̀lú bàtà, wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ sókè yíká, wọ́n gé èyí tó lé, kí wọ́n tó fi kírínólínì onínṣì 1, nẹ́ẹ̀tì líle tó rí bíi téèpù, sínú ìṣẹ́tí kó lè dúró. Yáàdì 5 kírínólínì ni wọ́n rà, torí ẹsẹ̀ aṣọ náà yíká ju ínṣì 160 lọ.

Ìkẹta ni apá. Ọrùn ọwọ́ ọmọ jẹ́ ínṣì 6, télọ̀ gé ẹnu apá sí 7 kó lè lẹ̀ dáadáa. Léèsì oníkọ́ọ̀dù kì í fà, ọwọ́ sì fẹ̀ ju ọrùn ọwọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀ ọ́ wò lọ́jọ́bọ̀, ọwọ́ ò kọjá. Wọ́n la ẹnu apá ní ínṣì 3, wọ́n fi bọ́tìnnì kékeré mẹ́ta sí apá kọ̀ọ̀kan. Ó tiẹ̀ wá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Sítóònù, gírósì 2 péré, ẹyọ 288, yí ọrùn ká. Oríṣi tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò lórí ìgé kírépù, ooru sì sọ aṣọ di dídán pẹ̀lẹ́bẹ́ níbẹ̀. Wọ́n lo èyí tí wọ́n ń fi gúmù lẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ mọ́jú. Bí wọ́n bá ká a sínú ọ̀rá kí gúmù tó gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ fúnra rẹ̀.

Ìṣirò ìkẹyìn: kírépù ₦16,000, sátíìnì ₦14,000, léèsì yáàdì kan àbọ̀ ₦9,000. Gumstay ₦1,000, bóònù ₦600, kọ́ọ̀pù ₦1,000, sípù ₦500, òwú ₦600, kírínólínì ₦2,000. Sítóònù ₦2,400. Owó iṣẹ́ ₦22,000. Bọ́tìnnì mẹ́fà yẹn, inú àpótí télọ̀ ni wọ́n ti jáde, kò gbowó lé e. Àpapọ̀ ₦69,100. Ká ní wọ́n sọ fífẹ̀ aṣọ ní ọjọ́ kìíní ni, ₦60,350 ni ì bá jẹ́. Ìborùn góòlù tí ọmọ ti ní tẹ́lẹ̀ ló wé, bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀.

Ilé ìwé náà ní tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kàn nípá ló lé gbogbo òbí sí ìdí aṣọ kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, òun ló sì ṣeé ṣe kó jẹ́ kí sátíìnì yẹn tán láàrin Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n bá sọ pé "ohunkóhun tó bá ní góòlù lára", ọmọ tó bá ní léèsì aṣọ ẹbí nílé á lè wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n wá gbé aṣọ. Télọ̀ fi ínṣì 1 sílẹ̀ nínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ṣeé tú sí ínṣì 2 bí ọmọ bá sanra. Ìwé rírajà tó ń fún oníbàárà rẹ̀ báyìí ní ìlà mẹ́rin: orúkọ aṣọ, iye yáàdì fún fífẹ̀ 58, iye yáàdì fún fífẹ̀ 45, àti ìgé àwọ̀ tí wọ́n fi pín-ìnnì so mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n tẹ́ téèpù lé aṣọ láti etí dé etí lójú oníṣọ́ọ̀bù kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, kí wọ́n sì gbé e jáde síta wo àwọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán.